Àbúrò mi kò yọjú sí kóòtù, èmi sì ni onídùúró rẹ̀: kí ni òfin yóò ṣe sí àwa méjèèjì?

Ọmọ Ajílété:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó mọ òfin gbà mí nímọ̀ràn kí ọwọ́ tó kọjá orí. Awakọ̀ akẹ́rù ni àbúrò mi. Ní àsìkò kajú tí ó kọjá yìí, oníṣòwò kan fi ẹ̀sùn kàn án pé àpò kajú dín nínú ẹrù tí ó gbé, àwọn ọlọ́pàá sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ májísíréètì kan níhìn-ín lórí ẹ̀sùn olè jíjà. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ gba béèlì rẹ̀ ní ₦500,000 pẹ̀lú onídùúró kan tí ó ní ilé ní àgbègbè kóòtù náà, èmi ni mo sì dúró fún un. Mo fọwọ́ sí ìwé ìdúró, mo búra sí ohun tí mo ní, mo sì kó ìwé ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ni wọ́n pe ẹjọ́ náà, wọn kò sì rí i. Ọ̀rẹ́ kan tí ó wà níbẹ̀ ló pè mí pé adájọ́ ti fagi lé béèlì rẹ̀, pé ó ti pàṣẹ kí wọ́n mú un níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i, àti pé wọ́n ní kí èmi náà wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní gba owó béèlì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo rí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ òun ló bàjẹ́ lọ́nà Kíṣí. Ìgbà tí mo fa ọ̀rọ̀ náà gùn ni ó tó sọ òótọ́ pé ẹnì kan ló dẹ́rù ba òun pé ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò sọ òun sẹ́wọ̀n. Ìlọrin ló wà báyìí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé nítorí ohun tí n kò ṣe? Ṣé wọ́n lè ta ilé náà? Ṣé ẹjọ́ kajú náà ti di èyí tí ó jẹ̀bi nítorí pé kò wá?

Lọ́yà Àkẹ̀sán:

Ẹ kú ìdààmú, ẹ̀gbọ́n wa. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ amòfin, irú ọ̀rọ̀ yìí sì wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, nítorí òun ló rọrùn jù. Kò tíì jẹ̀bi. Abala 36(5) nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi, sísá tí ó sá kò sì mú iṣẹ́ wíwá ẹ̀rí kúrò lọ́rùn olùpẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ṣòfò kì í ṣe kékeré. Àkọ́kọ́ ni òmìnira rẹ̀, nítorí ìwé àṣẹ ìmúni tí adájọ́ bá fọwọ́ sí kì í ní ọjọ́ tí yóò kú fúnra rẹ̀. Ó wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi mú ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tàbí títí kóòtù fúnra rẹ̀ yóò fi fagi lé e. Ọlọ́pàá lè lò ó lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ ọdún Iléyá, wọ́n sì lè lò ó lójú títì níbi tí àbúrò yín ti ń gbé ẹrù kọjá.

Èkejì ni ẹnu rẹ̀. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣe tirẹ̀ ní àwòṣe rẹ̀, sọ ní abala 352(4) pé bí ẹni tí a fún ní béèlì bá kọ̀ láti wá láìsí àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání, kóòtù lè máa gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bí adájọ́ bá ti rí i pé ó tọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí oníṣòwò yẹn yóò wí tẹnu wọn, àbúrò yín tí ó mọ ibi tí wọ́n ti ka àpò àti ẹni tí ó kà á kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ ohun tí ó yẹ kí lọ́yà bi wọ́n. Wọ́n lè dá a lẹ́bi bẹ́ẹ̀. Ìyà nìkan ni adájọ́ kò ní tíì kéde, nítorí abala 352(5) ní kí ó dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá mú un tàbí tí ó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹni tí wọ́n mú lónìí ti jẹ̀bi láti ọdún tó kọjá, ìyà nìkan ló kù tí wọn yóò kà sí i létí.

Ẹ̀kẹta ni béèlì mìíràn. Ọ̀kan nínú ìdí tí òfin kan náà fún adájọ́ láti kọ béèlì, ní abala 162, ni pé ẹni náà lè sá fún ìgbẹ́jọ́. Ẹni tí kò sá rí lè jiyàn lórí èyí. Ẹni tí ó ti sá lẹ́ẹ̀kan ti fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ó wá kan ẹ̀yin. Ẹ kò ní ìpín nínú ẹ̀sùn kajú, wọn kò sì lè fi yín jẹ́jọ́ olè. Ohun tí ẹ fọwọ́ sí jẹ́ àdéhùn pẹ̀lú ìjọba pé bí ó bá sá, ẹ̀yin yóò san ₦500,000. Nítorí náà, gbèsè ni yóò kọ́kọ́ kàn yín. Kóòtù kò sì gbọ́dọ̀ já lu dúkìá yín láìjẹ́ pé wọ́n pè yín láti wá sọ ìdí tí ẹ kò fi ní san án, èyí ni ìpè tí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín. Bí àlàyé yín bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, ó lágbára láti dín owó náà kù tàbí kí ó gba apá kan. Bí ẹ kò bá lọ, tàbí tí ẹ kò ní ohun tí ẹ máa sọ, ó lè pàṣẹ pé kí ẹ san gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá yín kí wọ́n tà á. Níbi tí owó kò bá ti jáde rárá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ti ń dé ọ̀dọ̀ onídùúró.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹ lọ mú un wá láti Ìlọrin kí ọlọ́pàá tó mú un. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kóòtù àti ẹni tí wọ́n fi ankọ́ọ̀fù mú wọlé kì í gba ojú kan náà lọ́wọ́ adájọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan náà ni wọ́n kọ nípa àwọn méjèèjì.

Ọmọ Sábó:

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má bínú, Lọ́yà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù ni ẹ ń fi bà wá. Ẹjọ́ ní Nàìjíríà kì í parí bọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá rọra kọjá sí Kútọnu tí ó lo ọdún kan tàbí méjì, ẹsẹ̀ oníṣòwò yẹn yóò rọ, kò ní lọ sí kóòtù mọ́, adájọ́ yóò sì lé ẹjọ́ náà dànù. Mo ti rí ẹjọ́ tí ó kú bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ fi ọwọ́ ara yín fa àbúrò yín lé wọn lọ́wọ́.

Akọ̀wé Kóòtù Àná:

Ọmọ Sábó, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo lo ọdún mi nídìí fáìlì kóòtù bá yín sọ ọ́, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì léwu. Òótọ́ ni pé bí olùpẹjọ́ kò bá wá, tí olùjẹ́jọ́ sì dúró síbẹ̀, adájọ́ lè lé ẹjọ́ náà dànù. Ẹni tí ó dúró síbẹ̀ ni òfin ṣe oore náà fún. Lọ́yà rẹ̀ ló máa dìde pé, “Olúwa mi, àwa wà níbí, àwọn kò wá, a ti ń wá láti ìgbà yìí wá.” Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní Kútọnu? Bí oníṣòwò náà kò bá wá mọ́, fáìlì yóò wà nínú àpótí, ìwé àṣẹ ìmúni yóò sì wà nínú fáìlì. Àwọn adájọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lè ti lọ sí ibòmíràn, akọ̀wé lè ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ìwé yẹn kò ní ti ibẹ̀ kúrò.

Ẹ sì wo iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ nìkan, ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró kò ṣeé kà tán, láì tíì débi tí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ti ń dá ènìyàn dúró. Ẹni tí ó ń sá fún ìwé àṣẹ kò lè jẹun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Onídùúró gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Bí adájọ́ bá sọ ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí kóòtù kò bá jókòó lọ́jọ́ náà, yálà adájọ́ ń ṣàìsàn tàbí ó lọ sí ìpàdé, ẹ má kàn yípadà sílé. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ẹ ó lọ gba ọjọ́ tuntun. Nígbà tí àwa òṣìṣẹ́ kóòtù dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà ọdún 2021, gbogbo ọjọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ ló dàrú. Ẹni tí ó ń yà wò wá lẹ́nu géètì mọ ọjọ́ rẹ̀ tuntun kíákíá. Ẹni tí ó jókòó sílé títí wọn yóò fi wá pè é wà nínú ewu, pàápàá tí àdírẹ́sì tí ó kọ sílẹ̀ kò bá ṣe kedere tàbí tí fóònù rẹ̀ ti yí padà.

Ọmọ Ajílété:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá wa àti Lọ́yà. Mo ti pe àbúrò mi ní òwúrọ̀ yìí, kò sì tíì gbà láti wá. Ó ní bí òun bá débẹ̀, wọn yóò tì òun mọ́lé lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní àwọn ènìyàn ńlá ńlá ń sá lọ lẹ́yìn béèlì, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Lọ́yà Àkẹ̀sán:

Ẹ sọ fún un pé ohun tí ó ṣe àwọn ènìyàn ńlá náà wà nínú ìwé ìròyìn fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà. Abdulrasheed Maina, ẹni tí ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì, ń jẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Abuja. Wọ́n gba béèlì rẹ̀ ní mílíọ̀nù 500 náírà, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume sì dúró fún un. Maina kò wá sí kóòtù mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2020, Adájọ́ Okon Abang pàṣẹ kí wọ́n gbé sẹ́nétọ̀ náà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje títí yóò fi mú Maina wá tàbí títí owó náà yóò fi jáde. Sẹ́nétọ̀ ni o, tí ó wà lórí oyè! Ó wà nínú ọgbà náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí adájọ́ kan náà tó gba béèlì rẹ̀ nígbà tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Maina fúnra rẹ̀ rò pé Niger jìnnà; wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n dá a padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún yẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 8. Ìgbà tí ó sá yẹn, kóòtù kò dá ẹjọ́ náà dúró dè é.

Ti Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ tí ń jà fún Biafra, náà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju èyí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Adájọ́ Binta Nyako gba béèlì rẹ̀ pẹ̀lú onídùúró mẹ́ta, mílíọ̀nù 100 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe sì wà lára wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ sí ilé rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọn kò rí i ní kóòtù mọ́. Àwọn tirẹ̀ sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ló sá fún. Síbẹ̀, àwọn onídùúró ló kọ́kọ́ dáhùn: ní 2018 kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n san owó náà sí àpò kóòtù, ní oṣù kẹta ọdún 2019 sì ni adájọ́ fagi lé béèlì náà tí ó ní kí wọ́n mú un. Mi ò mú ẹjọ́ yìí wá láti sọ ẹni tí ó jàre nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ìdí tí ènìyàn fi sá, ì báà ṣe ìdí gidi, kò ní iṣẹ́ kankan tí ó lè ṣe bí kò bá dé iwájú adájọ́, onídùúró ló sì ń dúró níbi tí ìdí náà kò bá dé.

Ní ti ìbẹ̀rù rẹ̀ pé wọn yóò tì í mọ́lé lójú ẹsẹ̀, mi ò ní purọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí ó sùn sí àtìmọ́lé fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí ó lọ jókòó sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò láàárín àwọn tí ń retí ìdájọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí, èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló mú un.

Ìyá Ìbejì Òwódé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà ń dúró fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti gba oorun lójú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá kan tí n kò ní dárúkọ sọ fún mi pé obìnrin kì í ṣe onídùúró, kí n lọ pe ọkọ mi wá. Nígbà tí a dé kóòtù ni wọ́n tó gbà mí. Lọ́yà, mo fẹ́ bi yín: ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní Èkó, kì í sì í gbé fóònù mi mọ́. Ṣé mo lè yọ ọwọ́ mi kúrò kí ó tó di wàhálà? Àti pé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, bí onídùúró bá kú ńkọ́?

Lọ́yà Àkẹ̀sán:

Ìyá wa, ẹ kú ìṣọ́ra. Abala 167(3) nínú òfin 2015 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹni tí ó ní kí ẹ lọ pe ọkọ yín kò ní òfin kankan lọ́wọ́.

Ẹ lè yọ ọwọ́ yín, àsìkò yìí gan-an ló sì yẹ. Ẹ kọ ìwé sí kóòtù pé ẹ kò fẹ́ dúró fún un mọ́. Adájọ́ yóò pàṣẹ kí wọ́n mú ọkùnrin náà wá síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ ni wọn yóò tú yín sílẹ̀, yóò sì wá onídùúró mìíràn tàbí kí ó lọ sí àtìmọ́lé. Àǹfààní yìí kò sí mọ́ bí ó bá ti sá tán, nítorí gbèsè náà ti jẹ yọ nígbà náà. Bí onídùúró bá sì kú kí olùjẹ́jọ́ tó sá, wọn kò lè gba owó náà lára ogún tí ó fi sílẹ̀, olùjẹ́jọ́ ni wọn yóò ní kí ó lọ wá ẹlòmíràn.

Bàbá Àpákẹ̀:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná, ohun kan ni kò tíì yé mi. Ọmọ Ajílété, ilé ta ni ìwé rẹ̀ wà ní kóòtù? Ó ní “ìwé ilé”, kò sì ní “ilé mi”. Bí ó bá jẹ́ ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ni, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé fún kóòtù. Láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan, òfin kò ní ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ó tún ń bí ìjà tí ó le ju ẹjọ́ kajú lọ: ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Kaduna yóò délé ọdún, yóò sì bá àkọlé kóòtù lára ògiri.

Ọmọ Ajílété:

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ bèèrè. Ilé tí èmi fúnra mi kọ́ ni. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀ bàbá wa, ṣùgbọ́n ẹbí ti pín in kí n tó kọ́ ilé, olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí ìwé pínpín, ti oníkálukú sì wà lọ́tọ̀.

Bàbá Àpákẹ̀:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Tirẹ ni, kò sí ẹni tí yóò bá ọ jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé kóòtù lè tà á.

Ará Ìlú Ọba:

Ẹ kú ilé o. Ogbomoso ni wọ́n ti bí mi, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ti ibí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà kan. Lábẹ́ òfin béèlì ti 1976 tí wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíkùnà láti padà wá láìsí ìdí tí ó tọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Kóòtù kékeré lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n oṣù 3 fún un, kóòtù ńlá sì lè fi í sẹ́wọ̀n oṣù 12, kódà bí wọ́n bá dá a láre nínú ẹjọ́ tí ó gbé e débẹ̀. Ẹrù ẹ̀rí pé ìdí tí ó tọ́ wà, ọrùn ẹni tí kò wá ni òfin náà gbé e kà.

Ọmọ Sábó:

Mo ti gbọ́ tẹnu yín, mo sì gbà pé kí ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun méjì. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n wá onídùúró tuntun, ṣé kò rọrùn láti lo àwọn tí ń dúró lẹ́bàá kóòtù tí wọ́n ń gba owó láti dúró fún ènìyàn? Èkejì, ìyá wọn ti dàgbà. Bí ọlọ́pàá bá lọ mú ìyá dípò ọmọ ńkọ́?

Akọ̀wé Kóòtù Àná:

Ti ìyá ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Abala 7 nínú òfin 2015 kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Bí ọlọ́pàá bá dé ilé, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n ní kí ó fi ìwé àṣẹ hàn wọ́n, kí wọ́n ka orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì pe lọ́yà. Kí wọ́n má ṣe bá a jà, kí wọ́n má sì fi ọmọ náà pamọ́ sí yàrá nígbà tí wọ́n ń sọ pé kò sí nílé.

Ti àwọn onídùúró ẹnu géètì, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìwé owó orí ayédèrú, àdírẹ́sì ibi tí kò sí ilé, fọ́tò ẹni tí ó ti dúró fún ogójì ènìyàn ní kóòtù mẹ́rin. Nígbà tí akọ̀wé bá lọ wo ilé tí wọ́n kọ, tí ó bá ilẹ̀ lásán níbẹ̀, adájọ́ kò ní bá onídùúró nìkan wí. Olùjẹ́jọ́ tí ó gbé e wá ni yóò padà sí àtìmọ́lé, ẹ̀sùn ayédèrú ìwé sì lè wọlé tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń bẹ adájọ́ kí ó tún gba òun gbọ́ ni ẹ fẹ́ kí ó gbé irọ́ lọ síwájú rẹ̀? Ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó ní iṣẹ́ tàbí ilé, tí ó sì lè fi ojú rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́yà Àkẹ̀sán:

Mo fi ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ kún ọ̀rọ̀ Akọ̀wé wa. Àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání wà lóríṣiríṣi: àìsàn tí dókítà fi ìwé jẹ́rìí sí pé kò jẹ́ kí ó lè wá, ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí pé ọlọ́pàá ibòmíràn ti mú un sí àtìmọ́lé lọ́jọ́ náà. Ìwé dókítà tí ó kàn sọ pé wọ́n tọ́jú ibà kò tó, ó yẹ kí ó sọ pé kò lè rìn wá. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ náà lè jẹ́ àlàyé bí ó bá pe lọ́yà tàbí onídùúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí iwé mẹkáníìkì sì wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àbúrò yín kò bàjẹ́. Kí ó má lọ búra sí i. Irọ́ lábẹ́ ìbúra jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí ó lè gbé ẹ̀wọ̀n tí ó ju ti àpò kajú lọ wá. Kí ó sọ pé ẹ̀rù ló ba òun, kí ó sọ ẹni tí ó dẹ́rù ba òun, kí ó sì sọ pé òun ti padà wá. Adájọ́ ti gbọ́ irọ́ ọkọ̀ tó pọ̀ débi pé òótọ́ ìbẹ̀rù lè tu ú lára.

Ọmọ Ajílété:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lọ sí Ìlọrin fúnra mi, a sì jọ padà. A gba lọ́yà kan níhìn-ín, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí kóòtù pé kí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ ìmúni náà, èmi náà sì kọ tèmi láti ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní gba ₦500,000 lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi dúró nínú àpótí, ó sọ òótọ́ bí ẹ ṣe ní kí ó sọ ọ́. Adájọ́ bá a wí gidigidi, ó sì bi mí léèrè ìdí tí èmi kò fi sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá tí ń pẹjọ́ tako ẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n adájọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, òun yóò fún un ní àǹfààní kan ṣoṣo. Ó fagi lé ìwé àṣẹ náà, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ní kí a wá onídùúró kejì tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ọmọ náà sì máa wá fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ akọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sùn sí àtìmọ́lé kí a tó rí olùkọ́ kan tí ó gbà láti dúró, kí wọ́n sì tó lọ wo ilé rẹ̀. Owó lọ́yà àti ìrìnnà kò kéré rárá.

Ó ku ohun kan tí n kò bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà wa kí a tó jáde: ìgbà wo ni ìwé ilé mi yóò padà sí ọwọ́ mi?

Akọ̀wé Kóòtù Àná:

Ẹ kú oríire. Ìwé yín yóò wà lọ́dọ̀ wọn títí ẹjọ́ yóò fi parí, yálà wọ́n dá a láre ni o, wọ́n dá a lẹ́bi ni o, tàbí wọ́n lé ẹjọ́ náà dànù, tàbí títí kóòtù yóò fi gba ẹlòmíràn dípò yín. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má rò pé wọn yóò fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ ìwé sí akọ̀wé kóòtù, ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sí i, ẹ fi ẹ̀dà àṣẹ adájọ́ tì í, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ yín lọ. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á nígbà tí ẹ kó o sílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ láti òní lọ. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ lọ bèèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá tún fẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé, nítorí akọ̀wé tí ó gbà á lọ́wọ́ yín ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ajílété:

Wọn kò fún mi. Ọjọ́bọ̀ ni yóò tún lọ fọwọ́ sí ìwé, n ó bá a lọ.